Ìkíni Àárọ̀ Tí Mo Jẹ Iye

Ìyá tó tọ́ mi ní Bìní, mi ò mọ orúkọ rẹ̀. Iye ni gbogbo agboolé ń pè é, ìyá sì ni ìtumọ̀ rẹ̀ ní èdè Ẹdó. Màmá mi kú nígbà tí mo wà ní ọmọ ọdún mẹ́ta. Bàbá mi jẹ́ katikísì láàárín àwọn Yorùbá tó wà ní ìlú náà, yàrá méjì la sì gbà nínú ilé Iye. Ọwọ́ rẹ̀ ni mo ti jẹun, ẹ̀yìn rẹ̀ ni mo ti sùn.

Láràárọ̀, àwọn ọmọ rẹ̀ á kúnlẹ̀, wọ́n á ní, "Delaiso." Ìdílé kọ̀ọ̀kan ní Bìní ló ní ìkíni àárọ̀ tirẹ̀, bí ọmọ bá ti lanu kí àgbà, wọ́n ti mọ ilé tó ti jáde. Iye kọ́ mi pẹ̀lú àwọn ọmọ rẹ̀. Ṣùgbọ́n bàbá mi ní ìkíni àwọn abọ̀rìṣà ni, pé mi ò gbọdọ̀ fi ẹnu tí mo fi ń kọ orin mímọ́ sọ ọ́. Nítorí náà, èmi nìkan ló máa ń dọ̀bálẹ̀ pé, "Ẹ káàárọ̀, mà." Iye á dúró díẹ̀, bí ẹni tó ń retí ọ̀rọ̀ kan sí i, kó tó wọlé.

Bó ṣe dúró náà nìyẹn ní òwúrọ̀ ọjọ́ tí a sá kúrò, ní oṣù kẹjọ ọdún 1967, nígbà tí ogun wọ ìlú. Ẹ́ńjìnnì lọ́rì ti ń kùn. Mo ní, "Ẹ káàárọ̀, mà," mo sì gòkè. Ó ṣì dúró síbẹ̀ títí a fi yà ní kọ́nà.

Kí bàbá mi tó sùn nínú Olúwa, ó pè mí sẹ́bàá ibùsùn rẹ̀. "Akínwùmí, Pọ́ọ̀lù Àpọ́sítélì kì í parí lẹ́tà láìkí àwọn ènìyàn rẹ̀. Èmi ni mo dí ọ lọ́wọ́ láti kí ìyá yẹn bó ṣe yẹ. Bí Ọlọ́run bá mú ọ dé Bìní, bá mi tún un ṣe."

Ní ọdún 1986, wọ́n pe àwa olùkọ́ láti Àkúrẹ́ wá máàkì ìdánwò ní Bìní. Ọjọ́ Ìsinmi kan ṣoṣo ni mo ní. Mọ́tò aago mẹ́fà òwúrọ̀ Mọ́ńdè ni mo gbọdọ̀ wọ̀ padà sẹ́nu iṣẹ́. Ọ̀dọ̀ Bọ̀dá Jayéọlá, òṣìṣẹ́ báńkì tó jẹ́ olùdarí akọrin, ni mo dé sí ní àdúgbò Ugbor.

"Bọ̀dá, mo fẹ́ kọ́kọ́ lọ wá Iye."

"Akin, olóhùn tẹ́nọ̀ méjì péré ni mo ní, ọ̀kan sì ń wúkọ́. Ìyá tó ti dúró fún ọdún mọ́kàndínlógún, ṣé kò lè dúró de ìwàásù kan?"

"Wọ́n ní ìwàásù àlùfáà yín gùn."

"Ìdí nìyẹn tí mo fi ń jẹ iyán kí n tó lọ."

Mo tẹ̀lé e. Àwa Yorùbá ní ìkíni fún àárọ̀, ọ̀sán àti alẹ́, fún ẹni tó jókòó àti ẹni tó dúró. Kò wá sí mi lọ́kàn rárá pé ìkíni kan wà tí àsìkò rẹ̀ lè kọjá.

Aago kan ti lù kí n tó bọ́ sójú títì. Mo rìn káàkiri ìlú ìgbà èwe mi. Koríko ti bo yàrà àtijọ́ tó yí ìlú ká, èyí tí a máa ń fi ìdí yọ̀ lọ sísàlẹ̀ rẹ̀. Ní òpópónà àwọn tó ń rọ idẹ, iná wọn ti kú nítorí ọjọ́ Ìsinmi, ṣùgbọ́n òórùn ìda oyin tí wọ́n fi ń mọ ère kò tíì kúrò níbẹ̀. Mo rí ẹfun lójú ọ̀nà ojúbọ kan. Nínú ilé tó kọjú sí i, àwọn ọmọdé ń kọ orin ìyìn. Lọ́mọdé, mo gbà pé bí Jerúsálẹ́mù ṣe rí nìyẹn, pẹ̀lú ògiri alámọ̀ pupa.

Agboolé wa ti di ilé pẹ̀tẹ́ẹ̀sì. Bàbá àgbà kan jókòó síwájú rẹ̀.

"Bàbá, mò ń wá ìyá kan tó gbé ibí rí. Iye là ń pè é."

Ó rẹ́rìn-ín. "Gbogbo ìyá tó wà ní Bìní ni Iye. Láti òpópónà wo lo fẹ́ ti bẹ̀rẹ̀?"

"Delaiso làwọn ọmọ rẹ̀ fi ń kí i. Àwọn Yorùbá ló gba yàrá lọ́dọ̀ rẹ̀."

Ẹ̀rín tán lẹ́nu rẹ̀. "O ò bá ti tètè sọ. Ó wà lọ́dọ̀ ọmọ rẹ̀ obìnrin ní Uwasota."

Mo bá a lábẹ́ igi máńgòrò, ó ń bó ẹ̀gúsí. Ojú rẹ̀ ti di bàìbàì. Ó gbọ́ ẹsẹ̀ mi, ó ní, "Kóyo," bí wọ́n ṣe ń kí ẹnikẹ́ni ní ìgbàkígbà. Mo kúnlẹ̀ sínú èèpo ẹ̀gúsí.

"Delaiso."

Ó ń bó ẹ̀gúsí rẹ̀ lọ. Mo rò pé kò gbọ́. "Iye, èmi Akin ni, ọmọ katikísì."

"Mo ti mọ̀. Ohùn bàbá rẹ ló wà lẹ́nu rẹ." Yorùbá rẹ̀ ṣì já gaara. "Ibo ni oòrùn wà?"

"Ó ti ń lọ sápá ìwọ̀ oòrùn, mà."

"Kóyo ni wọ́n ń kí mi nísinsìnyí. Èyí tí o sọ yẹn, ọmọ tó sùn nílé mi ló ń jí fi kí mi. Mo dúró dè é tó báyìí, o wá fẹ́ kí n gbà á lọ́sàn-án bí ẹni gba àjẹkù?"

"Mọ́tò aago mẹ́fà òwúrọ̀ ni mo fẹ́ wọ̀, Iye."

"Mi ò kì í jáde kí oòrùn tó yọ mọ́. Egungun mi kì í jẹ́." Ó ti abọ́ ẹ̀gúsí náà sí mi. "Bá mi bó o. Ìwọ náà lo mọ èyí tó o máa ṣe."

Mo bó o tán. Lẹ́yìn náà mo padà lọ gbé àpò mi ní Ugbor, kí n lè sùn sílé Iye.

"Ọ̀gá ilé-ìwé rẹ á kọ kúérì fún ọ," ni Bọ̀dá Jayéọlá wí.

"Kó kọ ọ́, Bọ̀dá."

Aago mẹ́fà lù, mo ṣì jókòó lẹ́nu ọ̀nà yàrá Iye. Ó kọjá méje kí ìlẹ̀kùn tó ṣí. Ó jáde, ó di férémù mú, ó sì dúró gẹ́gẹ́ bó ṣe dúró lọ́jọ́ tí a sá kúrò. Mo kúnlẹ̀.

"Delaiso, Iye."

Ó gbé ọwọ́ lé mi lórí, ó sì pẹ́ kó tó gbé e kúrò.

"Bàbá rẹ ńkọ́?"

"Ó ti sùn, mà. Òun ló rán mi."

"Ó ṣe dáadáa," ni ó wí. "Dìde, kó o lọ fọ ẹnu."

Kúérì tí wọ́n kọ fún mi ní Àkúrẹ́ ṣì wà nínú ìwé orin mi títí di òní.