Kẹ́ẹ̀gì Omi Tí Mo Gbé Gun Òkè Ọ̀bà-Ilé

Ojú gbogbo àwa ọ̀dọ́ ṣọ́ọ̀ṣì l'Ákúrẹ́ ni Wúrà, ọmọge tí mò ń fẹ́, ti sọ ọ́ láàárọ̀ Sátidé. Ó ní, "Jíbọ́lá, tó o bá gbé kẹ́ẹ̀gì omi yìí dórí òkè, lọ́la màá mú ẹ lọ rí bàbá mi l'Óǹdó. Tó ò bá gbé e débẹ̀, má bá mi sọ̀rọ̀ mọ́."

Ẹnu mi ló fà á. Ó ti pẹ́ tí mo ti ń sọ fún un pé mo máa ń gbé àpò sìmẹ́ńtì méjì pa pọ̀, ọ̀kan lórí, ọ̀kan lábíyá, tí màá sì máa súfèé lọ.

Ẹ wò ó, òkè tó wà lẹ́yìn Ọ̀bà-Ilé yìí, àṣá tó bá fẹ́ fò ó kọjá gbọ́dọ̀ kọ́kọ́ sinmi. Ibẹ̀ la ti máa ń gbààwẹ̀. Ìsàlẹ̀ lẹ máa bọ́ bàtà sí, torí ilẹ̀ mímọ́ ni. Ẹnikẹ́ni ò sì gbọ́dọ̀ fomi kan ẹnu títí wọ́n á fi ṣe àmín ìkẹyìn lókè. Omi tá a máa fi ṣínu ló wà nínú kẹ́ẹ̀gì yẹn.

Èmi ní tèmi, mo ti jẹ iyán kí n tó kúrò nílé. Mo ti ṣírò gbogbo ẹ̀ tán: ebi á ti gba okun lára àwọn tó kù, èmi nìkan ni màá lágbára. Iyán yẹn tóbi tó tìmùtìmù. Ẹja gbígbẹ tó wà nínú ọbẹ̀ sì níyọ̀ bí òkun.

La bá bẹ̀rẹ̀ sí í gun òkè. Àwọn tí ebi ń pa ń fò lórí àpáta bí ewúrẹ́. Oyèníyì, ẹ̀gbọ́n Wúrà, tó máa ń sáré yípo Àkúrẹ́ láràárọ̀, ń kọrin lọ níwájú, kò tiẹ̀ mí hẹlẹ. Iyán tèmi ti jókòó sínú mi bíi lánlọ́ọ̀dù. Kẹ́ẹ̀gì ń tẹ̀ mí lọ́rùn, àpáta ń jó mi lẹ́sẹ̀. Gbogbo ìgbà ni mò ń gbójú sókè wò bóyá òkè ti tán. Ó dà bíi pé ṣe ni wọ́n ń fi kún un.

"Ṣé ká bá ẹ gbé e?" Oyèníyì bi mí.

"Ẹ máa lọ, Brọ̀dá. Mi ò fẹ́ fi yín sílẹ̀ ni mo ṣe ń rọra rìn."

"Ìwọ lo wà lẹ́yìn o."

"Mò ń ṣọ́ ẹ̀yìn fún yín ni."

Wúrà rẹ́rìn-ín. "Òógùn ara ẹ nìkan ti tó fún gbogbo wa láti fi ṣínu."

Nígbà tí wọ́n yà sẹ́yìn àpáta ńlá kan tí mi ò rí wọn mọ́, mo sọ kẹ́ẹ̀gì kalẹ̀. Òùngbẹ fẹ́ pa mí. Mo mu ẹnu kan, mo mu ìkejì, mo mu títí ikùn mi fi ń dún. Bí mo ṣe gbé e padà sórí, mo rí i pé ó ti fúyẹ́ díẹ̀. Ohun tó bà mí jẹ́ nìyẹn. Níwájú díẹ̀, mo bu omi sójú. Lẹ́yìn ìyẹn, mo fi tu ẹsẹ̀ lára. Mo tún fún koríko ní tiẹ̀. Koríko ibẹ̀ á ti di igbó báyìí.

Mo dé òkè, mo yọ àyà síta bí jagunjagun. Mo sọ kẹ́ẹ̀gì kalẹ̀, mo kérora, bí ẹni pé ó kún. Wọ́n ṣàmín. Oyèníyì na ìka kan sí kẹ́ẹ̀gì, ó gbé e sókè bí ẹni gbé fìlà.

Ètè gbogbo wọn ti funfun.

"Ó ń jò ni," mo ní.

Wúrà yí ìdí kẹ́ẹ̀gì sókè, ó fọwọ́ yí i ká. "Kò jò." Kò pariwo. Ó kàn tì í sí mi lọ́wọ́. "Bàbá mi ní kí n pe àwọn lálẹ́ yìí, káwọn lè mọ iyán ẹni mélòó tí wọ́n máa gún lọ́la. Kí ni kí n sọ fún wọn?"

"Má tíì pè wọ́n," mo ní.

Mo sọ̀ kalẹ̀. Oyèníyì fẹ́ tẹ̀ lé mi, mo kọ̀. Mo pọn omi kún kẹ́ẹ̀gì dé ọrùn níbi kànga ìsàlẹ̀, mo sì tún bẹ̀rẹ̀. Kò sẹ́ni tí mo lè dárà fún lọ́tẹ̀ yìí. Oòrùn ń lọ, ọkàn mi ò balẹ̀: ṣé ó ti pe bàbá ẹ̀? Ahọ́n mi lẹ̀ mọ́ àjà ẹnu, omi ń dún létí mi ní gbogbo ìṣísẹ̀. Mi ò tọ́ ọ wò. Òkúta gé mi lẹ́sẹ̀, mi ò dúró.

Ìgbà tí mo débẹ̀, gbogbo wọn ṣì jókòó sórí àpáta. Wúrà fọwọ́ gbá kẹ́ẹ̀gì, ó gbọ́ ohùn ẹ̀. Ó bu omi fún gbogbo wọn tán kó tó bu tèmi, inú ìdérí ló bu ú sí. Lẹ́yìn náà ló gbé fóònù.

"Bàbá, ẹni mẹ́ta ni: ẹ̀yin, èmi àti Jíbọ́lá."

L'Óǹdó lọ́jọ́ kejì, bàbá ẹ̀, tíṣà tó ti fẹ̀yìn tì, wò mí láti òkè délẹ̀. "Kí lo lè ṣe, ìwọ ọmọ yìí?"

"Bàbá, mo gbé kẹ́ẹ̀gì omi gun òkè Ọ̀bà-Ilé lẹ́ẹ̀mejì lọ́jọ́ kan ṣoṣo."

Bàbá sọ òkèlè ọwọ́ wọn kalẹ̀. "Wúrà, òpùrọ́ lo mú wálé."

"Òpùrọ́ ni, Bàbá," Wúrà dáhùn, ó sì ti iyán sí iwájú mi. "Àmọ́ ó ṣe ìyẹn."

Mo wo iyán náà. Mo ní kí wọ́n kọ́kọ́ fún mi lómi ná.