Ìjókòó Awọ Màmá Nọ́ọ̀sì

Ogún ọdún ni ẹ̀gbọ́n mi ọkùnrin fi tún bàtà ṣe. Bó ti wù kí bàtà gbó tó, tó bá ti ọwọ́ rẹ̀ jáde, wàá lè fi wo ojú. Ìdí nìyẹn tí gbogbo àdúgbò fi ń pè é ní Dídán. Èmi ní tèmi, ìjókòó awọ inú ọkọ̀ ni mo ń fọ̀ nílé iṣẹ́ kan, kí ó tó kógbá sílé. Dídán ní, "Àbúrò, awọ ni bàtà, awọ ni ìjókòó. Jẹ́ ká pawọ́ pọ̀."

Ibi tí a ó ti máa ṣe é ló kù. Mẹkáníìkì kan ní ìsọ̀ tó ṣófo lẹ́yìn ọgbà rẹ̀, tó ní òrùlé tó dáa àti omi ẹ̀rọ lẹ́nu ọ̀nà. Ọkùnrin kan tó ń lẹ táyà pẹ̀lú ń wá a lójú méjèèjì. Mẹkáníìkì ní, "Ọkọ̀ ìyá ìyàwó mi nìyí. Ẹ tún ìjókòó rẹ̀ ṣe. Bí inú wọn bá dùn, ìsọ̀ di tiyín. Bí inú wọn ò bá dùn, ẹ má wulẹ̀ bi mí léèrè, torí èmi náà á ti sá lọ."

Olórí àwọn nọ́ọ̀sì ni ìyá náà. Ọ̀sán ọjọ́ kejì ni yóò wá gbé ọkọ̀ rẹ̀ lọ síbi iṣẹ́.

Lọ́jọ́ àkọ́kọ́, mo gbọn iyanrìn kúrò lójú rírán, mo fọ awọ náà, mo sì fi sílẹ̀ kó gbẹ lábẹ́ òjìji, nítorí oòrùn a máa sán awọ. Ó ku ìpara tí yóò mú un rọ̀. Ṣùgbọ́n nígbà tí mo dé láàárọ̀, Dídán ti ṣáájú mi. Gbogbo ìjókòó ń kọ mànà.

"Wò ó!" ó ní. "Ìpara rẹ ò ríṣẹ́ ṣe mọ́."

Òórùn rẹ̀ ló kọ́kọ́ pàdé mi. Pólíìṣì bàtà ni. Mo fi etí ìborùn funfun mi nu ìjókòó lẹ́ẹ̀kan, etí ìborùn náà sì pọ́n bí ilẹ̀.

"Ẹ̀gbọ́n, ta ló ń fi ìdí jókòó lórí bàtà?"

Ẹnu rẹ̀ là sílẹ̀. Ó ní, "Funfun ni Màmá máa ń wọ̀ lọ síbi iṣẹ́."

"Ẹ ṣẹ̀ṣẹ̀ rántí!"

Ó sáré gbé kẹ́ẹ̀gì bẹntiróòlù dé. "Èyí á bó o kíá."

"Á bó o, á sì bó àwọ̀ ìjókòó mọ́ ọn. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ gbé e padà."

Mo po ọṣẹ títí ó fi hó. Ohun tó hó lókè yẹn nìkan la fi ṣiṣẹ́, torí awọ tó bá mu omi jù á le tó bá gbẹ. Ibi tó tó àtẹ́lẹwọ́ là ń mú lẹ́ẹ̀kan: a ó fi búrọ́ọ̀ṣì rírọ̀ yí i, a ó fi aṣọ tí a fún dáadáa nù ún, a ó wo aṣọ náà, a ó tún bẹ̀rẹ̀. Dídán ń fọ̀ bí ẹni ń bá awọ jà.

"Ẹ rọra! Kì í ṣe bàtà sójà."

"Ṣé kí n máa ṣe bí ẹni ń wẹ ọmọ tuntun ni?"

"Bẹ́ẹ̀ gan-an ni."

Ló bá bẹ̀rẹ̀ sí í rẹ ìjókòó lẹ́kún. Mo rẹ́rìn-ín títí omi fi bọ́ lójú mi, àmọ́ ọwọ́ rẹ̀ rọ̀.

Nígbà tó fi di ọ̀sán, ìjókòó iwájú méjèèjì ò kó àwọ̀ bá aṣọ mọ́. Mo fi ìpara ra wọ́n títí wọ́n fi rọ̀ bí etí. Ẹ̀yìn ló kù. Ibẹ̀ la wà tí a fi gbọ́ ohùn Màmá lẹ́nu géètì.

Dídán fa táwẹ̀lì yọ. "Jẹ́ ká tẹ́ ẹ sẹ́yìn. Àwọn kọ́ ló máa jókòó síbẹ̀."

Mo rò ó. Mo fẹ́ ìsọ̀ yẹn débi pé mo ti ń lá a lálàá. Ṣùgbọ́n aṣọ ẹlòmíì ńkọ́? Mo gba táwẹ̀lì lọ́wọ́ rẹ̀.

"Màmá, ẹ kú ọ̀sán. Iwájú ti mọ́, ẹ̀yìn ò tíì mọ́. Pólíìṣì bàtà la ṣèèṣì fi pa á. Ẹni tó bá jókòó síbẹ̀ lónìí, aṣọ rẹ̀ á bàjẹ́."

Mẹkáníìkì gbá orí mú.

"Pólíìṣì bàtà?" Màmá wo ọkọ̀, ó wò wá. "Ẹ ò kúkú wá fi okùn bàtà sí i?"

"Ẹ jọ̀ọ́ Mà, èmi ni," Dídán dáhùn. "Àbúrò mi ò sí níbẹ̀."

Màmá jókòó síwájú, tòun ti aṣọ funfun, ó mi ara rẹ̀ lẹ́ẹ̀mejì, ó dìde, ó kẹ̀yìn sí mi. "Wo ìdí mi."

"Ó mọ́ tónítóní, Mà."

Ó rẹ́rìn-ín. "Nílé ìwòsàn, bí ẹnìkan bá ṣàṣìṣe tó sì tètè sọ, a máa ń rí i tún ṣe. Ẹni tó bá bò ó mọ́lẹ̀ ni mi ò lè fi aláìsàn sílẹ̀ fún." Ó yíjú sí mẹkáníìkì. "Ọkọ ọmọ mi, níbo ni wọ́n á ti parí ẹ̀yìn rẹ̀ lọ́la? Ṣé inú oòrùn yìí?"

Mẹkáníìkì ti ń wá kọ́kọ́rọ́ nínú àpò.

Ilẹ̀kùn ìsọ̀ náà ti dípẹtà. Èjìká la fi tì í kó tó ṣí. Dídán wọlé, ó wo gbogbo igun, ó sì bojú wẹ̀yìn wò mí.

"Àbúrò, lọ́la, ohun tí o bá ní kí n fọwọ́ kàn nìkan ni màá fọwọ́ kàn."

Mo na ìgbálẹ̀ sí i.