Ìnṣọ́ránsì Tí Gbémi Rò Pé Ó Ti Kú

Gbémi gbé omi fún Àǹtí Láídé, ó rò pé aláìsàn ni wọ́n wá kí. Àǹtí Láídé ló ta ìnṣọ́ránsì ẹ̀mí fún Ọláìtán, ọkọ Gbémi, nígbà tí tọkọtaya náà ṣẹ̀ṣẹ̀ kó wá sí Festac. Ṣùgbọ́n ọdún mẹ́ta ti kọjá tí Gbémi ti ní kí ọkọ òun má san án mọ́. Ó ní owó tí èèyàn ń san de ikú, òun ò fẹ́ ẹ nílé òun. Ọláìtán rẹ́rìn-ín, ó sì dáwọ́ dúró. Gbémi dúpẹ́ ní ṣọ́ọ̀ṣì lọ́jọ́ Àìkú tó tẹ̀ lé e.

Ní báyìí, kíndìnrín Ọláìtán ti daṣẹ́ sílẹ̀. Wọ́n fọ ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ nílé ìwòsàn ní Alákijà láàárọ̀, ó ń sinmi ní yàrá.

"Ìyá Tolú," Àǹtí Láídé sọ, "ìnṣọ́ránsì Bàbá Tolú máa kú lọ́jọ́ Ẹtì."

"Àǹtí, ó ti kú tipẹ́. A ò san kọ́bọ̀ mọ́."

"Ta ló sọ fún yín pé ó kú?"

Àǹtí Láídé gbé ife omi sílẹ̀, wọ́n ṣàlàyé. Nígbà tí Ọláìtán ń san owó, ilé iṣẹ́ ìnṣọ́ránsì ń mú díẹ̀ níbẹ̀, wọ́n ń fi ìyókù pamọ́ fún un, èlé sì ń gorí rẹ̀. Nígbà tí kò san mọ́, inú owó ìpamọ́ yẹn ni wọ́n ti ń yọ ti oṣooṣù, ìyẹn ni kò jẹ́ kí ìnṣọ́ránsì náà kú. Ṣùgbọ́n bí ọjọ́ orí Ọláìtán ṣe ń lọ sókè ni iye tí wọ́n ń yọ ń pọ̀ sí i, owó náà wá ń gbẹ. Lóṣù tó kọjá, ohun tó ṣẹ́ kù kò tó yọ mọ́. Ilé iṣẹ́ fún wọn láàyè títí di ọjọ́ Ẹtì.

"Wọ́n tẹ àtẹ̀jíṣẹ́ sí fóònù Bàbá Tolú, kò sẹ́ni tó dáhùn. Ohun tó gbé mi wá nìyẹn."

 Lójú Gbémi, ó dà bíi pé ẹnìkan ti ń gbé inú ilé yìí láti ọdún mẹ́ta, tó ń mí, tó ń gbọ́ gbogbo àdúrà òun, tí òun ò sì rí i.

"Tó bá kú, ṣebí a lè gba òmíràn?"

"Fún ẹni tí wọ́n ń fọ ẹ̀jẹ̀ rẹ̀? Kò sí ilé iṣẹ́ tó máa gbà. Ẹ san díẹ̀ sí èyí tó wà nílẹ̀, kó má bàa kú."

"Kí n fọwọ́ ara mi san owó ikú ọkọ mi?"

"Èmi ò pè é bẹ́ẹ̀."

"Kí lẹ wá ń pè é?"

"Owó ilé ìwé Tolú."



"San án fún wọn." Ohùn Ọláìtán ni, láti yàrá. Kò sùn rárá. "Nígbà tó o dúpẹ́ ní ṣọ́ọ̀ṣì, Gbémi, ṣé kíndìnrín mi gbọ́?"

Gbémi mú fóònù rẹ̀. Ó ṣi nọ́ńbà àṣírí rẹ̀ tẹ̀, ó tún un tẹ̀, owó náà sì lọ. Ó dìde lọ sí yàrá kíákíá, ó gbé àtẹ́lẹwọ́ lé àyà ọkọ rẹ̀.

"Mo ṣì wà láyé," Ọláìtán sọ. "Lọ wá nǹkan tí Àǹtí máa jẹ."

Gbémi kò tíì lọ. Ó fẹ́ kí àyà náà tún gbé ọwọ́ òun sókè lẹ́ẹ̀kan sí i.