Korobá Kún, Aago Ò Dún

Omi ti kún korobá náà dé ọrùn, aago kò dún.

Ọmọbìnrin tó ń da omi náà dúró. Ó wo ike kékeré tó léfòó nínú korobá, ó wo bátìrì, ó tún da omi díẹ̀ sí i. Ike náà gòkè bó ṣe yẹ kó gòkè, ó ti irin pẹlẹbẹ kan sókè títí tó fi kan ìkejì rẹ̀. Ibẹ̀ ló yẹ kí aago ti máa ké pé omi ti kún o, ẹ pa ẹ̀rọ omi. Ṣùgbọ́n ńṣe ni kẹ́kẹ́ pa mọ́ aago lẹ́nu.

"Ó dún lánàá, mà," ló rọra sọ fún olùkọ́ rẹ̀.

"Mo mọ̀. Fara balẹ̀."

Olùkọ́ tó ní kó fara balẹ̀ yìí, ara tirẹ̀ gan-an kò balẹ̀. Òun ni gbogbo ilé ìwé ń pè ní Àǹtí Wáyà, nítorí pé bí ẹ̀kọ́ bá ti parí, ó máa ń kó àwọn ọmọbìnrin wọ yàrá irinṣẹ́, kí wọ́n lè máa tú rédíò tó ti kú, kí wọ́n sì máa fi wáyà so nǹkan mọ́ nǹkan. Òfin kan ṣoṣo ló wà níbẹ̀: ọwọ́ olùkọ́ kò gbọdọ̀ kan iṣẹ́ ọmọ. Ó lè béèrè ọ̀rọ̀, ó lè mí kanlẹ̀, ó lè gbé ojú sókè bí ẹni tó ń gbàdúrà, ṣùgbọ́n ẹ̀yìn lọwọ́ rẹ̀ ń gbé.

Lónìí, àwọn òbí tí ilé ìwé pè wá wo iṣẹ́ àwọn ọmọ kún yàrá náà. Ọ̀gá ilé ìwé jókòó síwájú, ó ń fi bírò gbá orúnkún. Àmọ́ bàbá kan ṣoṣo ni Àǹtí Wáyà ń wò. Bàbá ọmọ tó ń da omi ni, awakọ̀ takisí, tó dúró sẹ́nu ọ̀nà bí ẹni tí kò fẹ́ pẹ́. Ó ti wá bá olùkọ́ náà lọ́sẹ̀ tó kọjá.

"Ọmọ mi ní òun lòun ṣe ohun tó ń ké bí omi bá kún," ló sọ lọ́jọ́ náà. "Ẹ má bínú, mà, mi ò gbà á gbọ́. Ẹ̀yin lẹ máa ń ṣe é, táwọn ọmọ á wá máa gba ìyìn ẹ̀. Àǹtí ẹ̀ ń wá ẹni tó máa bá a jókòó ti ṣọ́ọ̀bù lẹ́yìn ilé ìwé. Màá wá wò ó fúnra mi. Tí mo bá fojú ara mi rí i pé iṣẹ́ ọwọ́ ẹ̀ ni, kó máa bá a lọ. Tí kì í bá ṣe bẹ́ẹ̀, ọ̀rọ̀ parí."

Bẹ́ẹ̀ ọwọ́ ọmọ yìí ló já fáfá jù nínú gbogbo wọn. Ó lè tú fáànù palẹ̀ kó sì tò ó padà láìṣẹ́ nọ́ọ̀tì kù sílẹ̀, ohun tí ọ̀pọ̀ àwọn tó ń gbowó iṣẹ́ náà kò lè ṣe.

Àǹtí Wáyà ti rí àṣìṣe náà. Láàárọ̀, ọ̀gá ní kí wọ́n gbé korobá sórí tábìlì gíga kí gbogbo ojú lè tó o. Wáyà tó wà níbẹ̀ tẹ́lẹ̀ kò gùn tó láti dé ibi aago mọ́, ni ọmọ náà bá sáré gé òmíràn. Ìkánjú yẹn ni kò jẹ́ kó bó rọ́bà ẹnu rẹ̀ kúrò kó tó dè é mọ́ abẹ́ nọ́ọ̀tì. Iná kò sì lè gba ara rọ́bà kọjá. Àṣìṣe ẹni tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ń kọ́ṣẹ́ ni, ìkánjú ló sì máa ń tì wá sínú rẹ̀.

"Ṣé bó ṣe máa rí nìyí?" ọ̀gá béèrè. "Àwọn èèyàn níṣẹ́ tí wọ́n fẹ́ lọ ṣe o."

Bàbá náà yọ kọ́kọ́rọ́ mọ́tò rẹ̀ lápò.

Olùkọ́ kò mọ ìgbà tí ẹsẹ̀ gbé e dé ìdí tábìlì. Ó tẹ̀ síwájú bí ẹni tó ń tún korobá gbé, ó tú nọ́ọ̀tì, ó fi èékánná bó rọ́bà, ó dè é padà. Aago ké.

Àwọn òbí pàtẹ́wọ́. Ọ̀gá náà rẹ́rìn-ín, ó ń wo ọ̀tún, ó ń wo òsì, àfi bíi pé òun ló dè é. Ọmọ náà kò rẹ́rìn-ín. Ọwọ́ olùkọ́ rẹ̀ ló ń wò. Bàbá rẹ̀ náà ń wo ọwọ́ yẹn.

"Ẹ ṣeun, mà," bàbá náà sọ. Ohùn rẹ̀ kò le rárá. "Mo ti rí ohun tí mo wá wò." Ó yíjú sí ọmọ rẹ̀. "Gbé báàgì ẹ. Àǹtí ẹ ń dúró ní ṣọ́ọ̀bù."

"Dádì, èmi ni mo ṣe é."

"Mo gbọ́. Gbé báàgì ẹ."

Ọmọ náà kò jiyàn. Ó gbé báàgì kọ́ èjìká. Ìyẹn ló dun Àǹtí Wáyà jù. Ká ní ó sunkún ni, ká ní ó tiẹ̀ bú òun ni, ìbá sàn. Ó mọ̀ pé bí ọmọ náà bá jáde báyìí, kò ní padà wá mọ́, àti pé ọwọ́ òun gan-an ló tì í jáde. Ojú tì í débi pé bí ilẹ̀ bá lanu, á wọlé.

Ó na ọwọ́, ó fa wáyà náà yọ. Aago dákẹ́. Ó yọ bátìrì, ó yọ irin, ó yọ ike, ó kó gbogbo rẹ̀ jọ gègèrè sórí tábìlì.

"Kí lẹ ń ṣe yẹn?" Ọ̀gá ti dìde. "Ohun tó ti ń ṣiṣẹ́?"

"Èmi ni mo tún un ṣe, sà. Kì í ṣe iṣẹ́ mi." Ó kọjú sí bàbá náà. "Ẹ jọ̀ọ́, bàbá. Ẹ̀rù ló bà mí. Òótọ́ ni, ọwọ́ mi lẹ rí. Ẹ dúró kẹ́ ẹ rí tiẹ̀ náà."

"Tí kò bá wá dún ńkọ́?"

"Ẹ mú un lọ. Mi ò ní bẹ̀ yín mọ́."

Ọ̀gá pòṣé, ó jáde. Àwọn òbí kan tẹ̀ lé e. Ọmọ náà ń wo òkìtì tó wà lórí tábìlì, ó rí èépo rọ́bà pupa tí olùkọ́ bó sílẹ̀. Ó mú un, ó yí i wò.

"Ẹ ò bá kàn bi mí, mà," ló sọ. "Ká ní ẹ bi mí ni, ǹ bá ti rí i."

Olùkọ́ lọ jókòó sáàárín àwọn òbí tó kù.

Ọmọ náà sọ báàgì kalẹ̀. Ó fẹ́ gbé korobá náà, ṣùgbọ́n ó wúwo, omi dà sí i lára. Bàbá rẹ̀ kúrò lẹ́nu ọ̀nà, ó gbà á lọ́wọ́ rẹ̀, ó lọ da omi náà nù síta, ó sì gbé e padà wá fún un lófìfo.

"Ṣe é bó o ṣe máa ń ṣe é," ló wí. "Mò ń wò ọ́."