Orúkọ Bàbá Mi Lára Òkúta

Ẹ jókòó kí n rọ́ àlá ọ̀sán àná fún yín, ẹ má sì fi mí ṣe yẹ̀yẹ́. Orí àga ni oorun ti gbé mi lọ.

Wọ́n fẹ́ ṣí òkúta ìrántí fún àwọn sójà wa tí òyìnbó kó lọ jagun ní Bọ́mà, tí ẹnikẹ́ni ò rántí mọ́. Bàbá mi wà nínú wọn. Ọmọ oṣù mẹ́ta ni mí nígbà tó lọ, kò sì padà wálé. Mo fẹ́ kí orúkọ rẹ̀ wà lára òkúta yẹn kí n tó kú, kò sí nǹkan mìíràn tí mo ń fẹ́ láyé mọ́.

Nínú àlá náà, ọ́fíìsì wọn ń léfòó lórí odò bí igbá. Mo ká ìró mi sókè, mo wọ odò tọ̀ wọ́n lọ. Ọ̀gá ibẹ̀ kí mi dáadáa, ó gba fọ́tò bàbá mi, ló bá di òbúkọ, ó jẹ fọ́tò náà tán. Mo ní, "Ẹ kú ìjẹun o, ọ̀gá." Kí ni ǹ bá tún sọ?

Òkúta ló dá mi lóhùn. "Ìyá, Ìsẹ́yìn mẹ́rin ló wà lára mi. Orúkọ ìlú yín ni akọ̀wé ogun fi ṣe orúkọ wọn. Kí ni bàbá yín ń jẹ́ gan-an?"

"Bàbá mi ni."

"Ìyẹn kì í ṣe orúkọ."

Ó ṣí bí ilẹ̀kùn. Ìyá mi tó ti kú jókòó sínú rẹ̀, ó ń ran òwú.

"Ìyá mi, ẹ gbà mí! Kí lorúkọ ọkọ yín?"

Ó fọwọ́ bo ẹnu. "Àsàbí, ojú ò tì ọ́? Èmi ni n ó wá máa pe ọkọ mi lórúkọ? Bàbá Àsàbí ni mo ń pè é."

Ilẹ̀kùn pa dé. Òkúta wọ bàtà sójà, ó ń lọ. Mo sunkún tẹ̀ lé e títí.

Ẹkún náà ni mo sun jí. Múlíkátù ọmọ mi jókòó tì mí, ó ń bá mi kọ fọ́ọ̀mù tí wọ́n fi ránṣẹ́.

"Màmá, orúkọ bàbá yín ni wọ́n ń bèèrè níbí."

"Kọ Bàbá Àsàbí."

"Wọn ò ní gbà á, Màmá."

Mo mọ̀. Àwọn tó lè pè é lórúkọ ti kú tán. Ó dùn mí wọ egungun. Múlíkátù fi àyè náà sílẹ̀ lófìfo, ó bọ́ sí ìlà kejì tí wọ́n ti ń bèèrè orúkọ tèmi, ó kọ orúkọ ọkọ mi mọ́ ọn.