Eegun Ìbàdí Ìyá Makato

Ọdún keje ikú rẹ̀ pé, wọ́n hú eegun Ìyá Makato gẹ́gẹ́ bí àṣà erékùṣù Aguni. Hatsue, ìyàwó ọmọ rẹ̀, ló kàn láti fi ọtí fọ̀ ọ́, kí ó sì tò ó sínú ìkòkò láti ẹsẹ̀ dé orí. Bó bá ṣì í tò, Uto, ẹ̀gbọ́n ọkọ rẹ̀, yóò gba iṣẹ́ náà lọ́wọ́ rẹ̀.

Hatsue mú eegun pẹlẹbẹ kan láti fi ṣe ìbàdí. Uto bú sẹ́rìn-ín.

"Ìyàwó wa, ṣé èjìká ni màmá mi yóò fi jókòó ni?"

Hatsue gbé e sílẹ̀, ó rọra mú èyí tó nípọn, ó fi ihò rẹ̀ dé orí eegun itan tó yọ lẹ́nu ìkòkò. Ó bá a mu wẹ́kú.

"Ìbàdí rèé, ẹ̀gbọ́n. Ihò èjìká kì í jìn báyìí."

"Háà, ìyàwó tí kì í sọ̀rọ̀!" Uto sún sẹ́yìn fún un. "Màmá, ẹ fara balẹ̀ jókòó, ọwọ́ ìyàwó yín já fáfá."