Ohùn Dọ́káàsì Dé Ìfọ́n

Fìtóríà kò gbé kásẹ́ẹ̀tì náà sínú báàgì. Ta ní í fi báàgì gbé ohùn ìyá rẹ̀ lọ sí Ìfọ́n? Aṣọ ló fi wé e, ó so ó mọ́dìí lábẹ́ ìró, ó sì fẹsẹ̀ rìn láti Ìlobùú, nítorí pé nínú mọ́tò, èèyàn lè jókòó tì ọ́, kó máa rẹ́rìn-ín sí ọ, kí ọwọ́ rẹ̀ sì máa wá nǹkan nídìí rẹ.

Ọlábánjí ló ń lọ bá. Ọmọ Ìfọ́n ni, òun ló ń tẹ dùùrù ní ṣọ́ọ̀ṣì wọn. Ó ti wá sí Ìlobùú léraléra, tó ń dọ̀bálẹ̀, tó ń ní àwọn fẹ́ ṣe ọjọ́ ìrántí fún orin ẹ̀mí tí àwọn tí wọ́n lé kúrò ní Gánà lọ́dún 1969 kó bọ̀ wálé, kí ẹnu tó mọ̀ ọ́n kọ tó tán nílẹ̀. Ó ní orin Dọ́káàsì, ìyá Fìtóríà, ni ọba gbogbo wọn. Ìyẹn kì í ṣe irọ́. Inú lọ́rì tó ń kó wọn bọ̀ láti Kùmásì ni Dọ́káàsì ti dá a, nígbà tí àwọn yòókù ń sunkún ilé àti ọjà tí wọ́n fi sílẹ̀:

Ẹrù wa kù sẹ́yìn, ohùn wa ò kù,
Baba, gba ohùn wa, a ò ní nǹkan mìíràn.

Títí dé Ẹ̀rìn-Ọ̀ṣun ni wọ́n ń kọ ọ́. Ṣùgbọ́n Dọ́káàsì ti kú, kásẹ́ẹ̀tì kan ṣoṣo ló gba ohùn rẹ̀ sílẹ̀, Fìtóríà sì ti tì í mọ́ inú àpótí láti ìgbà náà, kò jẹ́ kẹ́nikẹ́ni gbọ́ ọ, kí wọ́n má baà jí i.

"Àwọn ará Ìfọ́n tó ń bá wa du ilẹ̀," ó ti sọ fún ọkọ rẹ̀ kó tó kúrò nílé, "ṣé wọn ò ní bá wa du òkú?"

"Má lọ nígbà náà."

"N ó lọ! Bí mi ò bá lọ, wọ́n á ní ọmọ Ìfọ́n ló dá orin náà. Ta ni yóò bá wọn jiyàn?"

Nígbà tó dé Ìfọ́n, Ọlábánjí dọ̀bálẹ̀ gbalaja ní pálọ̀ rẹ̀. "Ẹ káàbọ̀, màmá. Ẹ kú ìrìn. Bàbá ńkọ́?"

"Wọ́n wà." Ó ń dáhùn bí ẹni tí ọ̀rọ̀ ń dun eyín rẹ̀.

Rédíò kásẹ́ẹ̀tì méjì kọjú síra lórí tábìlì.

"Kí lo fẹ́ fi méjì ṣe?"

"Ọ̀kan á máa kọrin, èkejì á máa gbà á sílẹ̀. Tiyín ò ní kúrò lójú yín, màmá. Ẹ̀dà rẹ̀ nìkan la fẹ́."

"Bí olè ṣe ń sọ ọ́ náà nìyẹn. Díẹ̀ báyìí ni wọ́n máa ń mú."

Ọlábánjí rẹ́rìn-ín. Ẹ̀rín náà kò tẹ́ Fìtóríà lọ́rùn.

"Má fọwọ́ kàn án. Jókòó sọ́ọ̀ọ́kán yẹn. Èmi ni n ó tẹ̀ ẹ́."

"Ṣé ẹ mọ̀ ọ́n tẹ̀?"

"Ojú mi kòrókòró ni wọ́n ṣe gba ohùn ìyá mi!"

Lóòótọ́ ló rí i. Bọ́tìnì méjì ni ọkùnrin tó gba ohùn náà tẹ̀ pọ̀ lọ́jọ́ náà, èyí tó ní àmì pupa àti èyí tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀. Bí wọ́n ṣe ń ṣí i nìyẹn, ará Ìfọ́n kan ò sì lè tan òun. Ó ti kásẹ́ẹ̀tì bọ ẹ̀rọ lẹ́nu, ó tẹ méjèèjì wọlé. Kásẹ́ẹ̀tì ń yí. Ohùn ò jáde.

"Màmá, ẹ jọ̀ọ́, ẹyọ kan ni wọ́n ń..."

"Jókòó!"

"Iná pupa yẹn, màmá..."

"Mo ní kí o jókòó! Kwasíà!" Èdè Kùmásì ló fi bú u, nítorí èébú Yorùbá ò gbóná tó. "Kí lo ṣe sí ẹ̀rọ yìí? O ti di ìyá mi lẹ́nu! Ilẹ̀ ò tó yín, ó wá ku òkú! Sún mọ́ mi, kí n kígbe olè, kí gbogbo Ìfọ́n gbọ́!"

Ọlábánjí kò dúró mọ́. Ó fò dìde, ó pa ẹ̀rọ náà. Fìtóríà ti gbá a lọ́rùn ẹ̀wù mú, ṣùgbọ́n Ọlábánjí kò bá a jà.

"Màmá," ohùn rẹ̀ lọ sílẹ̀, "ohùn tiyín lẹ ń gbà lé ti ìyá yín lórí."

"Irọ́ ni. Yí i padà sẹ́yìn."

Ó yí i padà, ó tẹ bọ́tìnì kan ṣoṣo. Ohun tó kọ́kọ́ jáde ni: "Màmá, ẹ jọ̀ọ́..." Lẹ́yìn náà ni "Jókòó!" àti "Kwasíà!", ohùn Fìtóríà tó ń ha bí ẹni ń fá ìdí ìkòkò. Ó ta pó, Dọ́káàsì sì bọ́ síta láàárín gbólóhùn: "...ohùn wa, a ò ní nǹkan mìíràn."

Fìtóríà jókòó sílẹ̀ẹ́lẹ̀. Olè tó ti ń ṣọ́ láti ọjọ́ yìí, ẹnu ara rẹ̀ ló ń gbé. Síbẹ̀ ó gbójú sókè.

"Kí ló dé tí o ò fi tètè já a gbà lọ́wọ́ mi?"

"Ẹ ní ẹ ó kígbe olè. Kí ará Ìlobùú kígbe olè nílé ọmọ Ìfọ́n? Ìjà ìlú nìyẹn, màmá."

Fìtóríà wá irọ́ nínú ọ̀rọ̀ náà, kò rí, inú sì tún bí i sí i.

"Ẹsẹ kìn-ín-ní nìkan ló lọ," Ọlábánjí ní. "Ẹ kọ ọ́ sí àyè rẹ̀."

"Èmi? Mi ò kọrin láti ọjọ́ tí a ti sin ín."

"Bí ẹ̀yin ò bá kọ ọ́, àwa náà la máa kọ ọ́."

"Ẹ̀yin ta? Ìfọ́n kẹ̀!" Ó ti dìde, ó tún ìró ró. "Yí i padà. Ìwọ tẹ̀ ẹ́. Ọwọ́ rẹ ni mò ń wò o."

Ó kọrin. Ohùn rẹ̀ ki, ibi tí ìyá rẹ̀ ti máa ń gbé e sókè, ó gba ìsàlẹ̀ kọjá. Nígbà tí wọ́n gbọ́ ọ, ọmọ ń kọ ọ́ bọ̀, ó ta pó, ìyá sì gbà á lẹ́nu rẹ̀.

Ìgbà tí wọ́n da gbogbo rẹ̀ sínú kásẹ́ẹ̀tì kejì tán, Fìtóríà kò tíì múra àtilọ.

"Lọ́jọ́ ìrántí, ta lẹ máa ní ó dá a?"

"Dọ́káàsì ará Ìlobùú ni, màmá."

"Sọ ọ́ sínú ẹ̀rọ."

Ọlábánjí tẹ bọ́tìnì méjì, ó tẹ ẹnu mọ́ ọn, ó sọ ọ́. Fìtóríà ní kó yí i padà, kí òun gbọ́ ọ.